Lẹ́yìn Canon 7D Mark II: R7, R6 Mark II àbí R5 fún ẹni tó ń ya ẹyẹ?

Àbúrò mi kan tó máa ń ya ẹyẹ lójú ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́ fi fọ́tò lékeléke kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ẹyẹ náà ń fò bọ̀ tààrà, ó na ìyẹ́ méjèèjì gbalaja, ibi tó yẹ kó dùn ún wò gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n koríko ẹ̀yìn rẹ̀ ló mọ́ kedere. Ojú ẹyẹ ń ṣe bàìbàì, ara rẹ̀ sì funfun débi pé èèyàn ò lè rí ìlà ìyẹ́ kan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kọ tẹ̀ lé e ò pọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, 7D yìí ti sú mi. Ṣé R7 ni kí n rà, àbí kí n wá owó R6 Mark II? Wọ́n ní full frame ni gbogbo àwọn ọ̀gá ń lò."

Mo ní, "Báwo ni ẹyẹ tí o ń yà ṣe máa ń jìnnà sí ẹ tó?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kámẹ́rà ni mo béèrè o."

Ohun tí mo sọ fún un nìyí. (Full frame ni kámẹ́rà tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ di fọ́tò, fẹ̀; APS-C bíi ti 7D àti R7 kéré sí i.) Mo kàn tún un tò fún ẹlòmíì tó bá wà nípò rẹ̀ ni: ẹni tó ní 7D Mark II tàbí 80D, tó ní lẹ́ńsì EF 100-400mm tàbí 400mm, tówó rẹ̀ sì tó bọ́dì (kámẹ́rà láìsí lẹ́ńsì) kan ṣoṣo.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀

Mo ní kó ṣí fọ́tò yẹn, kó wo ohun tí kámẹ́rà kọ sínú rẹ̀. 1/500 ìṣẹ́jú-àáyá ni shutter rẹ̀ (ilẹ̀kùn tó ń ṣí fún ìmọ́lẹ̀) wà, One Shot ni autofocus rẹ̀ (ohun tó ń mú kí fọ́tò mọ́ kedere) sì wà. One Shot máa ń mú ojú kan, á sì dúró síbẹ̀. Ẹyẹ tó ń fò kì í dúró síbẹ̀ dè é. AI Servo ló yẹ kó lò, òun ló ń tẹ̀ lé ẹyẹ bó ṣe ń sún mọ́ni. Fún lékeléke tó ń fò, 1/2000 ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Fún alápàńdẹ̀dẹ̀, 1/3200 pàápàá lè má tó. Kò sí bọ́dì tí wọ́n tíì ṣe tó máa fi 1/500 dá ìyẹ́ tó ń gbọ̀n dúró, bó ti wù kówó rẹ̀ pọ̀ tó.

7D Mark II jáde ní 2014, kò sì tíì di ohun à ń gbé jù sẹ́yìn ilé. Ó ń ya fọ́tò 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, megapixel rẹ̀ lé ní 20, ara rẹ̀ sì le koko. Tó bá jẹ́ eré shutter ló ń bàjẹ́ fọ́tò yín, ẹ tọ́jú owó yín.

Ohun méjì ni mirrorless (kámẹ́rà tí kò ní dígí nínú, irú R7, R6 Mark II àti R5) máa fún yín tí 7D ò lè fún yín láé. Àkọ́kọ́ ni ojú ẹyẹ. Nínú DSLR (kámẹ́rà onídígí bíi 7D), àwọn autofocus point kó ara wọn jọ sáàárín, iṣẹ́ yín sì ni kí ẹ rí i pé ẹyẹ ò kúrò lábẹ́ wọn. Kámẹ́rà ò mọ̀ pé ẹyẹ lẹ̀ ń yà. Ohun tó bá bọ́ sábẹ́ point, ìbáà ṣe ewé, ìbáà ṣe ẹ̀ka, ló máa mú. Àwọn tuntun yìí mọ bí ẹyẹ ṣe rí. Wọ́n á wá ara rẹ̀, wọ́n á wá orí, wọ́n á wá ẹyinjú, àpótí kékeré kan á sì jókòó sórí ẹyinjú náà, á máa bá a kiri. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gba R7 lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kan tí mo fi wo àtíòro tó ń já èso, àpótí yẹn ń tẹ̀ lé ojú rẹ̀ láàárín ewé bí ẹni pé wọ́n fi okùn so ó mọ́ ọn. Ẹnu yà mí débi pé n ò rántí tẹ bọ́tìnnì títí ẹyẹ fi fò lọ.

Èkejì ni ẹfun. Àwọn àgbà ní lékeléke ló lẹfun, kì í ráhùn ẹfun. Èmi ni mò ń ráhùn nígbà tí mo ń lo DSLR! Kámẹ́rà á rí omi dúdú tó yí ẹyẹ ká, á rò pé ibẹ̀ ṣókùnkùn, á tan fọ́tò sókè, ara lékeléke á sì jó dànù di funfun pátápátá. Ojú ihò DSLR ò lè fi èyí hàn yín kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ti mirrorless, bí fọ́tò ṣe máa rí lẹ̀ ń rí kó tó di fọ́tò. Ẹ ó rí i pé ẹfun ti fẹ́ jó, ẹ ó yí ìmọ́lẹ̀ fọ́tò wálẹ̀ ní ìwọ̀n kan tàbí méjì nínú mẹ́ta, ó parí. Bákan náà ni fún agbe tó jókòó níwájú òfuurufú tó mọ́lẹ̀, sókè lẹ máa yí tiẹ̀.

R7, R6 Mark II àti R5 ló ń ṣe ohun méjèèjì yìí. Nítorí náà, kì í ṣe ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wọn wà.

Ọ̀nà jíjìn ló ń yan bọ́dì

| | R7 | R6 Mark II | R5 |
|---|---|---|---|
| Ọdún tó jáde | 2022 | 2022 | 2020 |
| Sẹ́ńsọ̀ | APS-C | full frame | full frame |
| Megapixel | 32.5 | 24.2 | 45 |
| Megapixel tó kù tí a bá gé e dé ìwọ̀n APS-C | 32.5 | bíi 9 | bíi 17 |
| Fọ́tò ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, shutter onírin | 15 | 12 | 12 |
| Fọ́tò ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, shutter tí kì í dún | 30 | 40 | 20 |
| Ìwúwo pẹ̀lú bátìrì àti káàdì | 612g | 670g | 738g |
| Iye rẹ̀ ní Amẹ́ríkà nígbà tó jáde | $1,499 | $2,499 | $3,899 |

Ìlà kẹrin yẹn ni kí ẹ tún kà. Ẹ jẹ́ ká fi ẹyẹ gidi ṣe é. Ní Ẹlẹ́yẹlé, n'Ìbàdàn (orúkọ ẹyẹlé ni ibẹ̀ ń jẹ́, ṣùgbọ́n n ò torí ẹyẹlé débẹ̀ rí), ẹyẹ apẹja aláwọ̀ dúdú àti funfun kan máa ń bà lórí igi tó yọrí láàárín ojúoró. Gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 25. Láti etí omi dé ibi igi yẹn tó mítà 40. Tí ẹ bá fi lẹ́ńsì 400mm wò ó, àwòrán ẹyẹ náà lórí sẹ́ńsọ̀ á gùn tó mìlímítà 2.5, kò sì sí bọ́dì tó lè yí ìyẹn padà. Ohun tó yàtọ̀ ni iye píksẹ́lì tó há sínú mìlímítà 2.5 yẹn. Lórí R7, bíi 780 ni. Lórí R5, bíi 570. Lórí R6 Mark II, bíi 420.

Lórí 7D Mark II tó ti sú àbúrò mi ńkọ́? Bíi 610.

Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tó bá kúrò lórí 7D bọ́ sórí R6 Mark II, tí kò yí lẹ́ńsì padà, tí kò sì sún mọ́ ẹyẹ, owó ńlá ló fi ra ẹyẹ tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Autofocus rẹ̀ á dára jù, fọ́tò tó bọ́ sójú á pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n tó bá gé e kí ẹyẹ lè hàn, kò ní tó tẹ̀ sínú fọ́tò ńlá.

Wọ́n á ní full frame dára jù nínú òkùnkùn. Òótọ́ wà nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ ọ́ tán. Sẹ́ńsọ̀ full frame fẹ̀ ju ìlọ́po 2.5 ti APS-C lọ, ó sì ń gba ìmọ́lẹ̀ jù ú lọ. Ẹ rò ó bí ẹni gbé agbada àti abọ́ síta nígbà òjò. Agbada á gba omi ju abọ́ lọ, kò sẹ́ni tó ń jiyàn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ omi tó bọ́ sójú ibi tó fẹ̀ bí ìdérí ìgò kan lẹ fẹ́ lò, ibi yẹn nínú agbada ò gbà ju ti abọ́ lọ. Ẹyẹ tó wà lọ́nà jíjìn ni ìdérí ìgò yẹn. Lẹ́ńsì kan náà, ọ̀nà jíjìn kan náà, ìmọ́lẹ̀ kan náà ló bọ́ sórí ẹyẹ. Ìgbà tí ẹyẹ bá kún fọ́tò dé etí, yálà nítorí pé ẹ sún mọ́ ọn tàbí pé lẹ́ńsì yín gùn sí i, ni full frame tó jẹ èrè ìfẹ̀ rẹ̀. Ìgbà yẹn, nǹkan kéékèèké bí iyanrìn tó máa ń bo fọ́tò ní ISO 6400 (ìwọ̀n tí à ń lò níbi tó ṣókùnkùn) á dínkù, ẹ ó sì rí i pẹ̀lú ojú yín.

Torí náà, ibi tí ẹ ti ń ya ẹyẹ ni kí ẹ béèrè. Afárá orí igi ní Lekki Conservation Centre gùn tó mítà 401. Òun ló gbé yín dé ibi tí ẹyẹ ń gbé, ẹ̀ka tẹ́ ẹ bá wà nílẹ̀ tẹ́ ẹ máa fi ọrùn yíyí wò ti wá wà níwájú yín. R6 Mark II rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀ (afárá ń mì bí èèyàn bá ti ń rìn lórí rẹ̀, ẹ dúró kí ẹbí tó ń ya selfie kọjá ná). Bẹ́ẹ̀ náà ni tó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ilé lẹ ti gbé abọ́ omi kalẹ̀ fún ẹ̀ga àti ológoṣẹ́, tẹ́ ẹ sì fara pamọ́ sẹ́yìn aṣọ ní mítà mẹ́rin, márùn-ún.

Àmọ́ igbó dúdú nìkan kò túmọ̀ sí full frame. Nínú igbó IITA n'Ìbàdàn, àwọn tó ń wá Ibadan Malimbe ń wòkè ni. Ìbátan ẹ̀ga ni ẹyẹ yìí, dúdú olórí pupa, tí kò sí níbòmíì láyé ju ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà lọ. 1958 ni Elgood kọ ọ́ sílẹ̀ lórúkọ Malimbus ibadanensis. Orí igi gíga ló fẹ́ràn. Ó ṣókùnkùn, ó sì tún jìnnà, ìyẹn ni pé ìdérí ìgò yẹn náà ni. R7 tàbí R5 ló kàn yín níbẹ̀, ẹ ó sì gbà pé iyanrìn á wà.

Àléébù R7, kí n má bàa jọ ẹni tó ń tà á

Fọ́tò 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan dùn ún gbọ́, àmọ́ ẹ má fi ya ẹyẹ tó ń fò. Nígbà tí shutter R7 ò bá dún, sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ń ka fọ́tò láti òkè délẹ̀ ní nǹkan bí 1/30 ìṣẹ́jú-àáyá. Kó tó kà á délẹ̀, ìyẹ́ ti kúrò níbi tó wà. Ẹ ó wá rí ìyẹ́ tó tẹ̀ bí ọwọ́ ẹni tí wọ́n ká lọ́wọ́ kò. Ti R5 àti R6 Mark II ń kà á ní nǹkan bí ìdajì àkókò yẹn, ìtẹ̀ á wà ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Shutter onírin ni kí ẹ lò fún ẹyẹ tó ń fò lórí R7, 15 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan tó fún ẹnikẹ́ni. Kìkì pé ó ń dún, ẹyẹ tó bà nítòsí á gbọ́. Ẹ fi èyí tí kì í dún sílẹ̀ fún ẹyẹ tó jókòó jẹ́ẹ́.

Ìṣòro kejì ni pé ibi tó ń kó fọ́tò pa mọ́ sí kéré. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní RAW (fáìlì fọ́tò tí kámẹ́rà kò tíì ṣe àtúnṣe sí) pẹ̀lú shutter onírin, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta sí mẹ́rin ó ti kún, kámẹ́rà á bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ẹni tó ń dúró de apẹja kó bẹ́ sómi gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. cRAW (RAW tí a fún pọ̀ kó kéré) ń ràn án lọ́wọ́, òun ni mo sì máa gbà yín níyànjú pé kí ẹ lò. N ò tíì rí ibi tí ojú lásán ti mọ ìyàtọ̀.

Lójú tèmi, autofocus R5 àti R6 Mark II tún dúró gbọin ju ti R7 lọ tí ẹyẹ bá ń fò níwájú igbó tó rí jákujàku. Tó bá ń fò níwájú òfuurufú, n ò rí ìyàtọ̀ tó tówó yẹn.

R5, tàbí kí ẹ ra lẹ́ńsì

R5 ni èmi ń lò báyìí, tòkunbọ̀ ni mo sì rà á. Ó jẹ́ pé òwúrọ̀ Sátidé mo wà ní Ẹlẹ́yẹlé, ìrọ̀lẹ́ mo wà lẹ́yìn abọ́ omi nílé, megapixel 17 tó kù lẹ́yìn gígé sì tó fún mi. Ẹni tí kò bá ní ibi méjì bẹ́ẹ̀ kò ní ìdí láti ná owó R5. Ẹ rántí pé ihò káàdì rẹ̀ kan jẹ́ ti CFexpress. Káàdì yẹn àti ohun tí a fi ń kà á ti tó owó lẹ́ńsì kékeré kan.

Fún gbogbo wọn, EF 100-400mm yín á bá wọn ṣiṣẹ́ dáadáa pẹ̀lú adapter EF-EOS R, kò pàdánù nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ní R7 tó sì tún ń sáré owó R5 kọ́kọ́ yẹ kó wo RF 200-800mm tó jáde ní 2023 ní $1,899. 800mm sọ mìlímítà 2.5 yẹn di 5. Àléébù rẹ̀ ni f/9 ní ìparí (ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé kéré), ó sì wúwo tó kílò méjì: ojú ọ̀sà nìkan ni, kì í ṣe ohun à ń gbé wọ igbó.

Ẹni tó ń lo Nikon, àti ẹni tí kò tíì ní nǹkan kan

Ìṣirò kan náà ni. D500 tó jáde ní 2016 ní megapixel 20.9. Z8, $3,999 nígbà tó jáde ní 2023, ní 45.7, tẹ́ ẹ bá sì gé e dé ìwọ̀n D500, bíi 19 ló kù. Ẹyẹ yín ò ní tóbi sí i, ṣùgbọ́n Z8 ò ní shutter onírin rárá, sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ sì yára débi pé ìyẹ́ kì í tẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo dárúkọ níbí, òun ni mo máa rà bówó bá ń ṣubú lulẹ̀. Ẹni tówó rẹ̀ kéré, kó wo Z50II ti 2024. Megapixel D500 gan-an ló ní, ó dá ẹyẹ mọ̀, kò sì tó $1,000 nígbà tó jáde. Kò ní ohun tó ń mú sẹ́ńsọ̀ dúró bọ́wọ́ bá ń gbọ̀n, torí náà lẹ́ńsì tó ní VR (ohun tó ń mú lẹ́ńsì dúró) ni kí ẹ fi sí i.

Ẹni tí kò ní lẹ́ńsì kankan nílé, tó sì jẹ́ pé ìgbà òjò ló máa ń jáde, OM-1 (kámẹ́rà OM System) ò yẹ kó fò ó. Sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ kéré, 400mm di bí 800mm lórí rẹ̀, kò sì bẹ̀rù òjò.

Tòkunbọ̀

Mo ti jẹ ìyà ẹ̀ rí. Ẹni tó ta DSLR àkọ́kọ́ mi fún mi búra pé fọ́tò tí wọ́n ti fi yà kò ju ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lọ. Ó dùn ún wò lóòótọ́. Nígbà tí mo gbé e délé tí mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, 187,000 ni. Shutter rẹ̀ já lójú mi lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, àtíòro kan sì ń wò mí láti orí igi.

Nikon máa ń kọ iye yẹn sínú fọ́tò fúnra rẹ̀, ẹ lè ya ẹyọ kan lójú ẹsẹ̀ kẹ́ ẹ kà á. Àwọn Canon yìí máa ń fẹ́ wáyà àti kọ̀ǹpútà, torí náà ẹ gbé kọ̀ǹpútà dání lọ sí Computer Village, ẹ má jẹ́ kójú tì yín. Wọ́n ṣe shutter R7 fún 200,000, ti R6 Mark II fún 400,000, ti R5 fún 500,000. R5 tó ti ya 150,000 ṣì lọ́jọ́ iwájú. R7 tó ti ya 150,000, ẹ yọ owó shutter kúrò nínú iye tẹ́ ẹ máa san. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yí lẹ́ńsì sí f/16, ẹ ya òfuurufú, kẹ́ ẹ wá àmì dúdú tó bá wà lójú kan náà nínú fọ́tò méjì. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú lẹ́ńsì, ẹ wo nǹkan bí òwú aláǹtakùn. Ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa ló ń fà á. Ẹ dán ihò káàdì méjèèjì wò.

Bátìrì LP-E6N tẹ́ ẹ fi ń lo 7D máa ṣiṣẹ́ nínú àwọn Canon mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ sì lè fi páwà báǹkì tó ní USB-C PD gbà á láti inú kámẹ́rà. Ní ilé tí NEPA ti mú iná lọ láti àná, ìyẹn ju megapixel márùn-ún lọ.

Àbúrò mi ò tíì ra ọ̀kankan nínú wọn. Ó yí 7D rẹ̀ sí AI Servo àti 1/2000, ó wá bá ọlọ́kọ̀ ojú omi kan sọ̀rọ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ọkọ̀ àjẹ̀, tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tó máa ń rọra gbé e lọ ní ìdájí. Mítà 40 tí ẹyẹ fi ń jìnnà sí i níbẹ̀ náà ti di 15. Fọ́tò ẹyẹ apẹja tó fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà mo sì wọ̀n ọ́n láti ẹnu dé ìrù: ó lé ní 1,600 píksẹ́lì, èyí tó ju ìlọ́po méjì ohun tí R7 máa fún un láti etí omi. Ó ní owó R7 ṣì wà nílẹ̀. Ó ní òun ń béèrè iye tí wọ́n ń ta ọkọ̀ kékeré.